Fọ́tò Tí Wọn Ò Gbọdọ̀ Gé Lẹ́sẹ̀

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe dá wà tó lókè òkun, ẹ má bi í léèrè. Irọ́ ni yóò pa fún yín. Fọ́tò tó ń fi ránṣẹ́ sílé ni kí ẹ wò. Bí apá kan bá ń nà jáde síwájú nínú gbogbo wọn, tí ojú rẹ̀ sì gba gbogbo àwòrán náà tán, òun fúnra rẹ̀ ló ya ara rẹ̀ nìyẹn. Kò rẹ́ni bá a di fóònù mú.

Màámi ló kọ́kọ́ ká èyí mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì, tó ń gbé pẹ̀lú wọn ní Ẹdẹ, ló pè mí lọ́jọ́ náà. Kí n tó kí i tán, Màámi ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló ń yà ẹ́ ní fọ́tò níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi náà ni, mà."

"Ìwọ náà kẹ̀? Ṣé kò séèyàn níbẹ̀ ni?"

"Èèyàn wà, Màámi. Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ."

"Wọ́n wá pọ̀ rẹpẹtẹ, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ fọwọ́ tẹ fóònù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún lè ṣe? Mo sọ fún wọn pé gbogbo èèyàn ibí ló ń sáré, pé bí mo bá dá ẹnì kan dúró, ó lè rò pé mo fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun ni. Wọ́n ní, "Hẹn-ẹn." Bí ìyá mi bá ti ní hẹn-ẹn báyẹn, wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́ nìyẹn.

Olùkọ́ ni mí ní Ẹdẹ kí n tó kúrò. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Sekona ni mo ti ń kọ́ni, kò jìnnà sí oríta tí Màámi ti ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí mo bá jáde láàárọ̀, kí n tó dé títì, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ níbi tó pọ̀. Bàbá Lémọ́mù á ti jókòó síwájú ilé wọn, ẹ káàárọ̀ sà. Àwọn ìyá tó ń gbá agbo ilé, ẹ kú iṣẹ́ mà. Òmíràn á ní kí n dúró ná, ọmọ ta ni mí, ṣé bàbá tó ń dáko l'Alajue ló bí mi? Wọ́n sì mọ̀ mí dáadáa o! Wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. Inú máa ń bí mi nígbà náà pé wọ́n ń fi mí pẹ́. Mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ tí mo bá kúrò nílùú yìí, n óò rìn títí ẹsẹ̀ á fi ro mí láìsí ẹni tó máa dá mi dúró.

Àdúrà mi gbà. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo lọ wọ bọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó, mo kí gbogbo ẹni tí mo bá níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bẹ̀rẹ̀ lórí àgbà wá sórí ọmọdé. Ọkùnrin kan yọ nǹkan tó ki bọ etí, ó ní kí ni mo wí. Mo ní mo kí i káàárọ̀ ni. Ó wò mí, ó sì ki nǹkan náà bọ etí padà. Obìnrin tó jókòó tì mí gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Kò sọ nǹkan kan. Mo ṣì lè ya báàgì náà fún yín dòní, àwọ̀ ẹ̀ àti ibi tí ó ti bó. Kí oṣù náà tó parí, èmi náà ti ń wolẹ̀ rìn.

Ìlú tí mo wà kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará ilé ò gbà. Lójú tiwọn, gbogbo Ìlú Ọba, Lọ́ńdọ̀nù ni. Ìlú kékeré ni, odi àtijọ́ yí i ká, odò gba àárín ẹ̀ kọjá, afárá olókùúta sì wà lórí odò náà. Láti ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń wá wò ó. Tí mo bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ síṣẹ́, mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń gbójú sókè. Èmi tí mo ń gbébẹ̀, mi ò gbójú sókè rí. Ilé, bọ́ọ̀sì, iṣẹ́, bọ́ọ̀sì, ilé. Bí ẹ bá ní kí n mú yín rìn nínú ìlú náà, n óò ṣì yín lọ́nà.

Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Àwọn ọmọ wọn á gbé wọn wá síbẹ̀, wọ́n á máa wá wò wọ́n ní Sátidé. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń fún wọn lóńjẹ, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí. Èmi tí àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti di dókítà! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màámi, inú wọn dùn ju ọjọ́ tí mo gboyè jáde lọ.

"Arúgbó lò ń tọ́jú? Háà, iṣẹ́ ìwúre lo rí! Ojoojúmọ́ ni wọ́n á máa ṣàdúà fún ẹ. Alihamudulilahi. Àdúà àgbà kì í lọ lásán."

Ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé arúgbó ibẹ̀ kì í wúre? Tẹ́ńkíù ni wọ́n máa ń sọ, lọ́jọ́ tí ara bá tù wọ́n. Èyí tí ara ò tù á ní kí n gbé ọwọ́ dúdú mi kúrò lára òun. Mo máa ń da omi ìdọ̀tí nù, mo máa ń ronú nípa ìwúre, inú á sì bí mi sí ìyá mi tí kò mọ nǹkan kan.

Ìyá kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ṣá. Dọ́rótì lorúkọ wọn. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń pe orúkọ náà ní ṣákálá, àní àwọn tí wọ́n lè bí lọ́mọ-ọmọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, mo fi Màmá síwájú ẹ̀. Ọkàn wọn ti ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Wọn ò mọ orúkọ mi, wọn ò mọ ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá ti kúnlẹ̀ níwájú wọn láti wọ ìbọ̀sẹ̀ àti bàtà fún wọn, wọ́n á na ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde fúnra wọn. Tí mo bá wọ ìyẹn tán, wọ́n á na tòsì. Bẹ́ẹ̀ la máa ń ṣe é lójoojúmọ́, láìsọ̀rọ̀. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ wọn ká wọlé bíi ti ìyá mi gẹ́lẹ́. Nígbà mìíràn mo máa ń di ẹsẹ̀ náà mú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ ojú Màámi wá le. Bọ̀ọ̀dá gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ní Òṣogbo, dókítà sì sọ pé ojú náà ń kú lọ láti inú, pé èyí tó bá ti lọ ò ní padà mọ́. Wọ́n fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa kán sí i, kó má baà yára. Màámi ò sunkún nígbà tí wọ́n ń sọ fún mi. Ṣe ni wọ́n ń pàṣẹ.

"Kó tó di pé ó lọ tán, mo fẹ́ rí ẹ."

"Màámi, ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Tí mo bá jáde báyìí, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́."

"Mi ò ní kó o wá. Mo ní mo fẹ́ rí ẹ. Ya fọ́tò. Èyí tó ń mì tìtì nínú fóònù yẹn kọ́ o. Orí ẹ àti àjà nìkan ni mo máa ń rí níbẹ̀. Bébà ni mo fẹ́, kí n gbé e lọ sínú oòrùn, kí n sún un mọ́ imú. Jẹ́ kí ẹlòmíì yà ẹ́. Jẹ́ kí n rí ibi tó ò ń gbé àti bó o ṣe ń rìn níbẹ̀. Má sì jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ẹ."

Ẹni tó bá wo fọ́tò àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ wa á mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bàbá wa dúró gbagidi, ọwọ́ méjèèjì lórí agbádá, bàtà wọn ń dán. Màámi jókòó, wọ́n kó ẹsẹ̀ pọ̀, sálúbàtà tuntun hàn kedere. Gbogbo wọn ló dojú kọ onífọ́tò. Lójú ìyá mi, ẹni tí wọ́n yà tí kò lẹ́sẹ̀, ààbọ̀ èèyàn ni. Ẹni tí kò wojú onífọ́tò, ó jalè tàbí ó ń tijú nǹkan kan.

Mo wá ẹni tó máa bá mi yà á. Ọmọ Sìǹbábúwè kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní òun á wá. Wọ́n pè é síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Onílé mi ní òun ò mọ̀ ọ́n yà. Mo wá rántí àwọn onífọ́tò tí mo máa ń rí lórí afárá, tí wọ́n máa ń tẹ̀ lé àwọn arìnrìn-àjò lẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Wàá háyà wọn, wọ́n á bá ọ rìn káàkiri ìlú fún wákàtí bíi mélòó kan, wọ́n á máa yà ọ́ bí ìgbà tí o ń gbádùn ara rẹ. Mo háyà ọ̀kan. Mi ò ní sọ iye tó gbà lọ́wọ́ mi, kí ẹ má baà bú mi.

Ọjọ́ Sátidé ni. Mo wọ ìró àti bùbá, mo wé gèlè, mo gbé kóòtù kọ́pá kí òtútù má baà pa mí. Ọkùnrin náà ń jẹ́ Dáníẹ́ẹ̀lì, onírùngbọ̀n pupa ni, ọ̀yàyà wà lójú ẹ̀. Ó ní àlejò láti ibo ni mí. Mo ní ìlú yìí ni mò ń gbé.

"Ó dára gan-an nígbà náà!" ló wí. "Kò ní jẹ́ ibi tí gbogbo ayé ń lọ la máa lọ. Mú mi lọ síbi tó jẹ́ tìẹ. Ibi tó o fẹ́ràn láti jókòó. Ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́."

Ibo ló jẹ́ tèmi? Ìdí bọ́ọ̀sì ni? Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ra èlùbọ́, tí onítọ̀hún kì í gbójú sókè tó bá ń gbowó? Mo ń ronú, ó ń dúró, ẹ̀rín ẹnu ẹ̀ ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣàánú mi. Mo rí i pé ó ṣàánú mi, ó sì dùn mí ju kó bú mi lọ. Ó ní kò burú, ká kúkú gba ọ̀nà tí àwọn àlejò ń gbà.

Báyìí ni mo ṣe rin ìlú tí mo ti ń gbé láti ọdún gbọọrọ, tí ẹni tí mo sanwó fún ń fi hàn mí. Ó fi odi hàn mí, ó sọ ọba tó mọ ọ́n. A gba àdúgbò kan tí ilẹ̀kùn ilé wọn pupa, tí òdòdó kún ojú fèrèsé. Ó ní kí n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé kan bí ẹni pé èmi ni mo ni ín. Mo jókòó. Aṣọ fèrèsé mì, ojú kan yọ, ojú náà sì dúró síbẹ̀ títí mo fi dìde. Ní Ẹdẹ, bí o bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà onílé, omi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé fún ọ.

"Má wò mí," Dáníẹ́ẹ̀lì á ní. "Máa rìn bí ẹni tí kò sẹ́ni tó ń wò ó."

Ìyẹn ò le fún mi. Ojoojúmọ́ ni mò ń rìn bẹ́ẹ̀.

Mo wá sọ fún un pé ìyá mi fẹ́ èyí tí mo dúró gbagidi, tí mo wojú ẹ̀, tí ẹsẹ̀ mi pé. Ó ní kò burú. Ó yà á. Nígbà tó fi hàn mí, orúnkún ló ti gé e. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rẹwà jù, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ò dára. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún un yà. Ó ní ẹ jẹ́ ká dé orí afárá ná, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ló dára.

Orí afárá náà ni mo ti rí wọn. Màmá Dọ́rótì ni, nínú kóòtù aláwọ̀ ewé tí èmi ni mo máa ń bá wọn di bọ́tìnì ẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin di ìgbọ̀nwọ́ wọn mú, wọ́n ń ṣe fàájì Sátidé. Ọmọ náà mọ̀ mí o. Ojúkojú la máa ń sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, á bi mí bóyá ìyá òun jẹun, mo ti po tíì fún un láìmọye ìgbà.

Inú mi dùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn débi pé omi lé sójú mi. Ẹni tí mo mọ̀ ló ń bọ̀ yìí, lójú títì, ní gbangba, onífọ́tò sì wà níbẹ̀ láti yà á! Màámi á rí i pé mo lẹ́ni tí mò ń kí. Ọkàn mi fò lọ sí Ẹdẹ, orúnkún mi sì bá a lọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti kúnlẹ̀ sórí òkúta afárá, mo ti kó ọwọ́ pọ̀ síwájú, mo ní, "Ẹ káàsán mà." Ní Yorùbá gidi!

Ọmọ wọn dúró. Ó wo gèlè mi, ó wo ìró mi tó bà sílẹ̀, ó wo ọwọ́ mi tí mo kó pọ̀. Kò rí aṣọ iṣẹ́ lára mi, kò sì dá mi mọ̀.

"Má bínú," ó ní, "a ò mówó kankan dání."

Ó sì fa ìyá rẹ̀.

Màmá Dọ́rótì ò tẹ̀ lé e. Wọ́n dúró, wọ́n tẹjú mọ́ mi nílẹ̀ tí mo wà, ojú wọn sì là bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí nǹkan. Wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè díẹ̀ kí wọ́n má baà ṣubú. Wọ́n wá na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí mi.

Bàtà wà ní ẹsẹ̀ náà. Kò sí nǹkan tí mo fẹ́ wọ̀ fún wọn. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń wo bàtà tí mo ti so okùn ẹ̀ láìmọye ìgbà, mo sì gbọ́ kámẹ́rà tó ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọmọ náà tún fà wọ́n, ó le díẹ̀, wọ́n bá a lọ. Wọ́n ń bojú wẹ̀yìn.

"Èyí ló dára jù lónìí," Dáníẹ́ẹ̀lì wí. "Ṣé ẹbí ẹ ni?"

Mo ní rárá. Mo gbọn eruku orúnkún mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà wá síbi iṣẹ́ wa. Ó rí mi nínú aṣọ búlúù, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn yìí mà ń gbìyànjú. Ó gbé ṣokoléètì fún mi. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí nígbà tó yíjú.

Nígbà tí fọ́tò dé, mo yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Mo rẹwà níbẹ̀, mi ò ní purọ́. Mò ń rìn lábẹ́ odi, mò ń wo odò, mò ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, àyà, ìdí, orúnkún ló gé e dé. Ti orí afárá nìkan ló pé láti orí dé ẹsẹ̀. Òun nìkan náà ni mo ti wà pẹ̀lú ẹlòmíràn. Mo rò ó síwá sẹ́yìn. Mo ní ojú Màámi ò dá tó bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ẹsẹ̀ yẹn á kàn dà bí òjìji fún wọn. Mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá kó lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà.

Màámi pè mí lọ́jọ́ tó tẹ̀ ẹ́ dé.

"Mo rí ẹ o, ọmọ mi. Mo rí ẹ. O ò rù. Ìlú ibẹ̀ mọ́ tónítóní, àfi bí àwo tí wọ́n fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò kí ẹ níbẹ̀."

"Màámi, ìyá àgbàlagbà kan wà ńbẹ̀ tí mò ń kí."

Mo gbọ́ ohùn adìyẹ nínú agbo ilé wa, mo gbọ́ ẹni tó ń fa omi.

"Ìyẹn. Wọ́n ń ṣàdúà fún ẹ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àmín," ni wọ́n wí. "Àmín, láṣẹ Ọlọ́hun."

Wọn ò bi mí léèrè ìyá náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ni. Bọ̀ọ̀dá kàn sọ fún mi pé wọ́n ti fi fírémù sí fọ́tò orí afárá náà, pé gbogbo agbo ilé ló ń wá wò ó.

Màmá Dọ́rótì kú nígbà òtútù. Ọjọ́ ìsinmi mi ni. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti tẹ́ ibùsùn wọn fún ẹlòmíràn, bàtà wọn sì wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú àwọn nǹkan tí wọ́n fẹ́ kó dànù. Kò sẹ́ni tó sọ ọjọ́ ìsìnkú fún mi. Kí ni mo jẹ́ sí wọn? Mo ti wẹ ìyá yẹn ju bí mo ṣe wẹ ìyá tó bí mi lọ. Èèyàn lè mọ gbogbo egungun tó wà lára ẹnì kan, kó má sì sí lára àwọn èèyàn onítọ̀hún. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ nìyẹn, n kì í sì í ṣe òpè ọmọ ilé ìwé.

Ìwé mi jáde nígbẹ̀yìn. Mo lọ sílé.

Màámi jókòó sórí àga wọn ní pálọ̀ nígbà tí mo wọlé. Ojú ti lọ tán. Wọ́n fọwọ́ wá mi lójú, wọ́n fọwọ́ kan imú mi, etí mi, wọ́n ní, "Òun nìyí, òun náà nìyí." Ilé kún. Ìkíni tí mo sá fún lọ́jọ́sí, orúnkún mi ò rímú mí nínú ẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó tán. Ìyá Mọ́rúfù, aládùúgbò wa, ló ní, "Ìyá òyìnbó tó ń wúre fún ẹ ńkọ́? Èyí tó wà lára ògiri yẹn?" Mo ní wọ́n ti kú. Wọ́n ní háà, Ọlọ́hun á fi àlùjáńnà kẹ́ wọn, èèyàn re ni.

Mo yíjú sí ògiri. Fọ́tò náà wà láàárín ti Bàbá àti ti Màámi. Fírémù ẹ̀ ní wúrà létí. Èmi ni mo wà níbẹ̀ láti àyà sókè, mo tẹrí ba, ọwọ́ òyìnbó náà wà lókè orí mi bí ẹni tó ń wúre lóòótọ́. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò sí. Wọ́n ti gé e kúrò.

"Bọ̀ọ̀dá, onífírémù yìí mà ti ba nǹkan jẹ́. Ó gé e lẹ́sẹ̀!"

Bọ̀ọ̀dá Ráṣídì wolẹ̀. "Màámi ló ní kó gé e," ó wí.

Mo dúró títí àwọn èèyàn fi dìde lọ kírun. Ó wá ku èmi àti Màámi.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gé fọ́tò yẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọn ò gbọdọ̀ gé mi lẹ́sẹ̀?"

"Tìẹ kọ́ ni mo gé."

Wọ́n ń fọwọ́ pa apá àga.

"Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbé e lọ, nínú oòrùn. Mo sún un mọ́ imú. Mo rí ẹ lórí ìkúnlẹ̀, mo ní a dúpẹ́, kò tíì gbàgbé ilé. Mo wá ń wá ọwọ́ ìyá náà, bóyá ó wà lórí ẹ. Kò sí lórí ẹ. Ẹsẹ̀ ni mo rí. Ọmọ mi kúnlẹ̀ kí àgbà, àgbà nasẹ̀ sí i."

"Màámi, wọn ò mọ̀ ni. Orí wọn ò pé mọ́. Wọ́n rò pé mo fẹ́ wọ bàtà fún wọn ni."

"Ṣé ìwọ lo máa ń wọ̀ ọ́ fún wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lórí ìkúnlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọn ò wúre?"

"Rárá, mà."

"Hẹn-ẹn," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Mi ò rí nǹkan kan kedere mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Òun ni mo wò gbẹ̀yìn."

Mo sunkún, mi ò jẹ́ kó dún. Mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá. Sálúbàtà wọn wà lábẹ́ àga, ọ̀kan ti dojú dé. Mo sáré kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo gbé e, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn kí n lè wọ̀ ọ́ fún wọn. Ọmọńdinrín ẹsẹ̀ náà ká wọlé, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Wọ́n fa ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n kó o sábẹ́ àga.

"Dìde," ni wọ́n wí. "N óò wọ̀ ọ́ fúnra mi."

Mo ní Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní dìde. Mo gbé sálúbàtà náà sílẹ̀, mo dìde. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá a nílẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n rí i. Wọ́n ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ tòsì, wọ́n ki tòsì bọ tọ̀tún, wọ́n di ògiri mú, wọ́n sì jáde lọ síbi omi. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n.